Ẹ̀dọ̀ Lórí Òróǹro

Ẹ̀dọ̀ kẹrin kú ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, orin sì wà lẹ́nu mi nígbà tó kú.

Mi ò tètè mọ̀ ni. Mo jókòó sídìí awò mi, awò tí í sọ abẹ́rẹ́ di òpó ilé, mo ń fi òwú tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun ọmọ tuntun lọ so ojú àwọ̀n kan tó já. Mo sì ń kùn ún jẹ́jẹ́:

Kí ló wà nínú omi?
Ẹ jẹ́ n yọjú wò.
Ẹja ni, àbí òkúta?
Ẹ jẹ́ n yọjú wò.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," Dókítà Ìbíyẹmí ní. "Etí ti ṣí."

Mo gbójú sókè. Lóòótọ́, iná aláwọ̀ aró ti tàn lókè ìlẹ̀kùn. Tí iná yẹn bá ti tàn, ẹ̀rọ tí a ń pè ní Aláǹtakùn ń gbọ́ gbogbo ohun tí à ń wí nínú yàrá. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tó àtẹ́lẹwọ́ mi: MÁ PÒWE. MÁ KỌRIN. Mi ò kàwé púpọ̀. Kíláàsì kẹta ni mo wà tí ọ̀sà fi gbé ilé ẹ̀kọ́ wa lọ, tòun ti ẹfun ìkọ̀wé. Ṣùgbọ́n mo lè ka ìyẹn dáadáa, nítorí kò sí ọjọ́ tí wọn kì í tìtorí rẹ̀ jágbe mọ́ mi.

Ẹ má rò pé àwàdà ni òfin yẹn o. Láyé ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ àwọn ẹ̀rọ ní èdè wa, ọkùnrin kan tó ń ṣọ́ ìlẹ̀kùn omi ní ìlú Àgbélódò wa yìí gbọ́ pé wọ́n ti yí ọ̀gá wọn padà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Omi tuntun ti rú, ẹja tuntun ti wọ̀ ọ́." Ìlẹ̀kùn omi gbọ́. Ó ní omi tuntun ti dé, ó ṣí ara rẹ̀ kalẹ̀. Àdúgbò méjì ló wọ omi kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Látìgbà náà ni wọ́n ti ṣòfin pé níbikíbi tí etí ẹ̀rọ bá ti ṣí, ohun tí ọ̀rọ̀ bá wí ni kó jẹ́. Ẹni tó bá pòwe, wọ́n á lé e kúrò níbẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ bá sì ti ipa òwe náà ṣe, wọ́n á sun ún.

Nínú ilé wa níhìn-ín pàápàá, Lámídì tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà dé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní, "Inú mi dùn láti wà níbí." Aláǹtakùn wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀ pé kó gbé oyin kúrò nílé.

Mo bo ẹnu mi. Mo wo Dókítà. Kò wo èmi. Abọ́ tó wà níwájú rẹ̀ ló ń wò.

"Ó ti lọ, Màmá."

Mo dìde, mo lọ yọjú. Ẹ̀dọ̀ kékeré ọ̀hún wà nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ̀, kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Ní àárọ̀ àná, ó pọ́n dẹ̀dẹ̀ bí ẹ̀yìn ète ọmọ tuntun. Nísinsìnyí ó ti di àwọ̀ ewé tó rà sínú omi.

"Ọjọ́ karùn-ún," mo ní.

"Ọjọ́ karùn-ún. Bíi ti àwọn mẹ́ta yòókù." Ó fi ìka tẹ ojú rẹ̀ méjèèjì. "Òróǹro ara rẹ̀ ló ń pa á, Màmá. Ó ń ṣe é, kò sì ríbi dà á sí. Mo ń fi abẹ́rẹ́ fà á, mo ń fà á, kò tó."

Kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún yín, nítorí títí di òní ó ṣì ń yà mí lẹ́nu. Aláǹtakùn ló ń hun àwọ̀n. Kì í ṣe àwọ̀n ẹja o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọ̀n ẹja ni mo fi dàgbà. Èyí rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, ojú rẹ̀ kéré débi pé èèrà ò lè ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Bí ẹ̀rọ náà bá ti hun ún tán, tí ibì kan bá já nígbà tí wọ́n ń gbé e, èmi ni mo ń so ó. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ ń gbọ̀n. Tèmi, láti ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, kò gbọ̀n rí. Lórí àwọ̀n yìí ni Dókítà máa ń gbin èérún ara ènìyàn sí. Awọ ẹ̀yìn apá ni wọ́n ń ha díẹ̀, wọ́n á kọ́ ọ kó gbàgbé pé awọ ni òun, kó wá rántí pé òun lè di ẹ̀dọ̀. Ló bá ń gun àwọ̀n lọ bí ìtàkùn iṣu ṣe ń gun igi, títí yóò fi bò ó.

Awọ ẹ̀yìn apá ta ni? Ti Yéjídé ni, ọmọ ọmọ mi. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, tó ń wa ọkọ̀ ojú omi, tí ẹnu rẹ̀ mú ju tèmi lọ. Oṣù méjì sẹ́yìn ni ojú rẹ̀ pọ́n bí àgbálùmọ̀. Pọ́njú odò ni, àìsàn tí omi gbé wá nígbà tó gòkè. Oògùn mẹ́ta ló wà fún un. Ọ̀kan péré nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń wo ẹni kọ̀ọ̀kan sàn, méjì yòókù a máa pa á, kò sì sí ẹni tó lè fojú mọ èyí tó jẹ́ ti ẹni. Ìyá Yéjídé, ọmọ bíbí inú mi, mu èkínní. Kì í ṣe tirẹ̀.

Nítorí náà la ṣe ń gbin ẹ̀dọ̀ Yéjídé sínú abọ́, kí abọ́ bá a mu oògùn kí òun tó mu ún. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ tí kò bá tíì pé ọjọ́ mẹ́jọ kò mọ oògùn yàtọ̀ sí májèlé. Nígbà tí Dókítà kọ́kọ́ sọ ìyẹn fún mi, mo pàtẹ́wọ́. Mo ní, "Àṣé ẹ̀dọ̀ náà ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ!" Mẹ́rin ti kú báyìí láìjẹ́ orúkọ.

Dókítà na ẹ̀yìn. Ó nu imú.

"Aláǹtakùn, hun àwọ̀n ẹ̀dọ̀ tuntun."

"Mo ti gbọ́," ẹ̀rọ náà dáhùn. Ohùn rẹ̀ dà bíi ti obìnrin tó jí tẹ́lẹ̀ tó ń dúró dè yín. "Báwo ni kí n ṣe tò ó?"

Dókítà la ẹnu, ohùn ò jáde. Ó tún un là. Ẹkún ló gba ibẹ̀ jáde, ẹkún tí obìnrin ń sun tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́, tí èjìká nìkan ń sọ ọ́. Mo gbàgbé iná aláwọ̀ aró. Mo gbàgbé ògiri. Mo gbá a mọ́ra, mo ń fọwọ́ lu ẹ̀yìn rẹ̀ bí ìgbà tí a bá ń pa ọmọ lẹ́kún.

"Ọmọ mi, ó tó. Fẹ̀dọ̀ lórí òróǹro. Ṣé o gbọ́? Fẹ̀dọ̀ lórí òróǹro."

"Mo ti gbọ́," Aláǹtakùn dáhùn.

Mo rò pé ó ń bá wa kẹ́dùn ni.

*

Ẹ̀rọ náà hun, ó hun, kò sinmi títí oòrùn fi rọ̀. Dókítà lọ bọ́jú. Ó rò pé bí òun kò ṣe rí ọ̀rọ̀ sọ, bó ṣe hun ti tẹ́lẹ̀ náà ni yóò hun èyí. Èmi ni wọ́n gbé àwọ̀n wá fún kí n wò ó bóyá ibì kan já.

Mo gbé e sábẹ́ awò. Kò já níbì kankan. Ṣùgbọ́n kí ni mo rí yìí? Òkè rẹ̀ rí bíi ti àwọn mẹ́rin yòókù. Nísàlẹ̀, ojú àwọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í gbòòrò díẹ̀díẹ̀, ó sì wá sunkì sẹ́nu kan, ẹnu náà sì ṣí sínú àpò kékeré kan bíi ti ìgèrè. Ẹni tó bá ti dẹ ìgèrè fún ẹja rí mọ̀ ọ́n: ohun tó bá ti wọlé kò lè padà. Ẹ̀dọ̀ lókè, ilé òróǹro nísàlẹ̀. Ẹ̀dọ̀ lórí òróǹro.

Mo wo ògiri, MÁ PÒWE. Mo wo ẹnu ara mi nínú dígí awò náà, ẹnu arúgbó tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó pa dé.

Ṣé kí n sọ? Bí mo bá sọ, wọn yóò sun àwọ̀n, wọn yóò sì lé mi jáde. A ó tún bẹ̀rẹ̀ èyí tí yóò kú lọ́jọ́ karùn-ún. Bẹ́ẹ̀, ọkàn mi ń wí fún mi pé, omi kì í ṣàn gòkè. Abẹ́rẹ́ ń fa òróǹro gba òkè. Àpò yìí jẹ́ kó ṣàn gba ìsàlẹ̀. Kí ló wà nínú omi? Mo fẹ́ yọjú wò. Ẹ dárí jì mí, ó ń wù mí bíi ti ọmọdé.

Mo gbé àwọ̀n fún Dókítà. "Kò já," mo ní. Òtítọ́ ni, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó gbin èérún ara Yéjídé sórí rẹ̀, òkè nìkan ló sì wò. Ọjọ́ kìíní, èkejì, ẹ̀kẹta, ó ń pọ́n. Ọjọ́ kẹrin, Dókítà kò lè jẹun. Ọjọ́ karùn-ún, èmi náà ò lè jẹun. Ọjọ́ kẹfà mọ́, ẹ̀dọ̀ náà pọ́n dẹ̀dẹ̀, ó ń dán! Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè nínú bàtà rọ́bà rẹ̀. Ìgbà yẹn ló wá tẹ̀ ba, tó wo ìsàlẹ̀ abọ́. Àpò ìgèrè náà kún fún omi àwọ̀ ewé.

"Màmá," ó ní, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ta ló hun èyí báyìí?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá abẹ́rẹ́ tí kò sọnù.

Ó lọ sídìí ẹ̀rọ, ó tẹ bébà àṣẹ jáde. Òfin kò jẹ́ kí ẹ̀rọ tọ́jú ohùn ènìyàn. Ọ̀rọ̀ nìkan ló ń tọ́jú. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó wò mí. Mo mọ̀ pé ó ti rántí. Ó ká bébà náà, ó fi í sápò.

"Lọ́jọ́ kẹjọ, Ojú Òfin tó ń yẹ iṣẹ́ ẹ̀rọ wò ń bọ̀ wá béèrè ẹni tó pàṣẹ," ó ní. "Èmi ni mo pàṣẹ, Màmá. Ẹ gbọ́? Èmi ni."

*

Ní ọjọ́ keje, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Yéjídé. Ó ń sinmi nínú ọkọ̀ rẹ̀ tí a so mọ́ òpó ilé, ó fi fìlà bo ojú nítorí oòrùn ń ta á lójú jù látìgbà tí àìsàn náà ti dé.

"Ẹ fẹnu yín hun ẹ̀dọ̀ fún mi," ó ní. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Màmá Aláwọ̀n! Gbogbo ayé ń fọwọ́ hun, tiyín, ẹnu."

"Má fi mí ṣẹ̀sín. Dókítà fẹ́ parọ́ gbè mí. Bí ìka àtàǹpàkò rẹ̀ bá tẹ irọ́, tí wọ́n sì mọ̀, kò tún ní fojú kan ẹ̀rọ mọ́ láyé rẹ̀. Bí mo bá sì sọ òtítọ́, wọ́n á sun ẹ̀dọ̀ rẹ."

Yéjídé ṣí fìlà lójú. Funfun ojú rẹ̀ ti di ìyeyè.

"Wọn ò gbọdọ̀ sun ún o," ó ní. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Màmá, mi ò fẹ́ kí wọ́n máa fi oògùn mẹ́ta ta ayò lórí mi."

"Mo mọ̀."

Ọkọ̀ ń mì jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Tí ẹ bá parọ́, ẹ ò ní lè kọrin. Mo mọ̀ yín. Nígbà tí ẹ bo ẹja Bùọ́dà Ṣẹ̀yẹ aládùúgbò wa mọ́lẹ̀ lọ́dún yẹn, tí ẹ ní ẹ ò rí i, oṣù kan gbáko ni ẹ fi ya odi. Ilé dákẹ́ débi pé mo ń gbọ́ bí alákàn ṣe ń rìn."

"Kí ni kí n wá ṣe?"

"Èmi tí mò ń ṣàìsàn lẹ wá ń bi?" Ó da fìlà bojú padà. "Ẹ lọ ronú. Ẹ má sì ronú pẹ́."

*

Orúkọ Ojú Òfin tó wá ni Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé. Ọkùnrin gíga, irun rẹ̀ funfun, ó fi ọ̀já dúdú kọ́ èjìká, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń rìn lórí afárá tó ti jẹrà, ó ń yan ibi tí yóò tẹ̀. Ogójì ọdún ló ti fi ń gbé inú yàrá tí etí ti ṣí. Ẹni bá gbé irú ibẹ̀ pẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a máa gbẹ.

Ó wo ẹ̀dọ̀. Ó wo àpò abẹ́ rẹ̀. Ó tẹ bébà àṣẹ tirẹ̀ jáde, ó kà á sókè: "Fẹ̀dọ̀ lórí òróǹro." Ó tún un kà. Mo rí i pé ẹnu rẹ̀ ṣe bí ẹni tó tọ́ ohun kan wò tí kò tọ́ wò láti kékeré.

"Ta ló sọ èyí?"

"Èmi ni," Dókítà ní kíá.

"Ṣé àṣẹ lẹ fi pa, àbí ẹ fi ń tu ẹnì kan nínú?"

"Àṣẹ ni."

"Kí ló dé tí ẹ fi pàṣẹ pé kó wà lókè? Àwọn mẹ́rin ìṣáájú kò rí bẹ́ẹ̀."

Dókítà ní, "Mo... mo rò pé..."

"Ẹ má rò. Ẹ sọ ọ́." Ó gbé pátákó kékeré kan síwájú rẹ̀. "Ohun tí ẹ bá sọ ni màá kọ sínú ìwé. Àwọn tó wà ní ìlú mìíràn á kà á, wọ́n á sì fi kọ́ tiwọn. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ àtàǹpàkò."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti gún mi. Ẹ̀rù lílé tí wọn yóò lé mi kọ́ ló ṣí ẹnu mi. Bí Dókítà bá parọ́ sínú ìwé náà, a ò ní mọ̀ láéláé. Ṣé ọ̀rọ̀ mi ló ṣe é ni, àbí oríire? Ṣé ó lè tún ṣe é? Àwọn arúgbó mìíràn wà ní ìlú mìíràn, tí ọmọ ọmọ tiwọn náà ń pọ́njú.

"Ẹ̀yin Ojú Òfin," mo ní, "ẹ dá àtàǹpàkò ọmọ yẹn dúró. Èmi ni."

"Màmá!" Dókítà ké.

"Èmi ni. Ó ń sunkún, mo sì ń tù ú nínú. Òwe ni. Àní àkànlò ni, mi ò mọ èyí tí ẹ ń pè é nínú ìwé yín. Ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé kó ṣe jẹ́jẹ́, kó má kọ́kàn sókè. Ẹ̀rọ yín ló gbọ́ pé kó gbé ẹ̀dọ̀ kan orí òróǹro. Bó ṣe rí nìyẹn, kò sí àbùlà."

Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé wò mí pẹ́. "Ẹ mọ òfin?"

"Ó wà lára ògiri. Òun nìkan ni ìwé tí mo kà tán."

Ète rẹ̀ mì díẹ̀. Ó bi mí pé, "Kí ló dé tí ẹ ò dákẹ́?"

"Nítorí mo fẹ́ mọ̀ ni, ọmọ mi. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá yóò tún ṣe é."

Ó rọra jókòó. Ó ṣí ìwé òfin, ó ń fi ìka tọ ìlà kan lọ, ó dé ibì kan, ó dúró síbẹ̀. "Ó wà níbí," ó ní. "Ọ̀rọ̀ tí a bá sọ fún ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kejì, láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, tí ẹ̀rọ sì ṣe ohun kan náà, àṣẹ ni, ohunkóhun tí ì báà jẹ́ tẹ́lẹ̀. Bí kò bá ṣe é, òwe ni, a ó sun ún." Ó gbójú sókè. "Màmá, ẹ dìde. Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Fún Aláǹtakùn nìkan. Ẹ má fi tu ẹnikẹ́ni nínú."

Ẹ ò mọ bó ti le tó. Mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn láti ìgbà tí mo ti jẹ́ ọmọge. Mo sọ ọ́ fún ọkọ mi nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ dojú dé. Mo sọ ọ́ fún ọmọ mi lórí ìkúnlẹ̀. Kò tíì kúrò lẹ́nu mi rí láìjẹ́ pé ọwọ́ mi wà lẹ́yìn ẹnì kan. Mo dúró síwájú ẹ̀rọ náà, ọwọ́ mi ń wá ẹ̀yìn tí yóò lù, kò rí. Mo dì wọ́n mọ́ra.

"Aláǹtakùn," mo ní, ohùn mi gbẹ bí ẹja tó pẹ́ lórí iná, "hun àwọ̀n ẹ̀dọ̀."

"Mo ti gbọ́. Báwo ni kí n ṣe tò ó?"

"Fẹ̀dọ̀ lórí òróǹro."

Ẹ̀rọ náà kò dáhùn lójú ẹsẹ̀. Mo gbọ́ bí Dókítà ṣe ń mí. Mo ń rí Yéjídé lábẹ́ fìlà rẹ̀.

"Mo ti gbọ́," Aláǹtakùn ní. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í hun.

A dúró tì í títí ó fi tán. Èmi ni mo gbé e sábẹ́ awò, Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, orí wa kanra. Ojú sí ojú, ẹnu sí ẹnu, àpò sí àpò. Àwọ̀n méjì bí ìbejì.

"Ó ṣe é," ó ní, bí ọmọdé. "Màmá, ó ṣe é!" Kó tó rántí ara rẹ̀.

"Ẹ tún un sọ, Màmá, ẹ tún un sọ!" Dókítà ti gbá mi lápá. "Oògùn mẹ́ta ni a ní, àwọ̀n méjì péré ló wà!"

Mo tún un sọ. Ẹ̀kẹta jáde.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé kọ ọ́ sínú Ìwé Àṣẹ, ó ní kí èmi tẹ àtàǹpàkò sí i. Lẹ́yìn tí mo tẹ̀ ẹ́ tán ló wá ní, "Ohun kan wà o, Màmá. Ó ti di àṣẹ. Láti òní lọ, nínú ilé yìí, àti ní ibikíbi tí etí bá ti ṣí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi í tu ènìyàn nínú mọ́. Bí ẹ bá sọ ọ́, wọn yóò máa hun."

"Láéláé?"

"Ọ̀rọ̀ kan kò lè ṣiṣẹ́ méjì níwájú ẹ̀rọ." Ó ká ọ̀já rẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Ìyá mi náà a máa sọ ọ́," ó ní. Ó jáde lọ.

*

Ọjọ́ mẹ́jọ tún pé. Ẹ̀dọ̀ mẹ́ta wà lórí tábìlì, abọ́ mẹ́ta, wọ́n pọ́n bí ọmọ ìyá mẹ́ta. Dókítà kán oògùn kọ̀ọ̀kan sínú abọ́ kọ̀ọ̀kan ní òwúrọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, èyí tó mu oògùn kìíní, tí ìyá Yéjídé mu, ti funfun bí ẹja tí a bọ̀. Èkejì, èyí tí Dókítà ti ń fọkàn sí, tí ì bá fún Yéjídé ká ní a ò rí ẹ̀dọ̀ gbìn, òun ló tètè kú jù. Àpò rẹ̀ gbẹ pátápátá. Mo di tábìlì mú.

Ẹ̀kẹta ń pọ́n. Lábẹ́ rẹ̀, òróǹro ń kán sínú àpò, ọ̀kan, ọ̀kan, ó mọ́ bí oyin ìgàn.

A ránṣẹ́ pe Yéjídé. Òfin ní níwájú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò ti mu ún, kí iná aláwọ̀ aró sì tàn, kí ẹ̀rọ lè jẹ́rìí. Ó wọlé, ó di ògiri mú. Ó yọjú wo abọ́ kẹta.

"Ìwọ nìyí," ó sọ fún un. "O kéré."

Dókítà gbé ife oògùn lé e lọ́wọ́. Ọwọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Yéjídé tí kì í bẹ̀rù ìgbì! Oògùn ń ta sílẹ̀ létí ife. Ó wò mí, mo sì rí i pé ìyá rẹ̀ ló ń rò, bó ṣe gbé ife tirẹ̀ náà mì.

Mo sún mọ́ ọn. Mo gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn. Mo la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n mi, gbogbo rẹ̀ pátá, ó gbóná. Mo gbójú wo iná aláwọ̀ aró. Mo pa ẹnu dé. Mo gbé e mì.

Ọwọ́ mi nìkan ló ń lù ú lẹ́yìn, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́, bí ó ti máa ń lù nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá wà níbẹ̀.

Yéjídé tẹ́tí. Ọwọ́ rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí kò fi gbọ̀n mọ́.

"Mo gbọ́, Màmá," ó ní.

Ó gbé ife sẹ́nu. Aláǹtakùn ò hun nǹkan kan.